Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun Kilimanjaro, ẹ bá àwa ọmọ Okun dá sí i

Ọmọ Kabba, Manchester:
Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àtàbúrò. Àwa kan tá a jọ ka sẹ́kọ́ńdírì ní Kabba ti fẹnu kò pé a máa gun Kilimanjaro, òkè gíga tó wà ní Tanzania, lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kan wà ní UK níbí, ẹnì kan wà ní Calgary, àwọn méjì ṣì wà nílé. Kọ́ńpìnì kan ti fún wa ní iye, ọjọ́ 5, ọ̀nà Marangu, wọ́n ní inú ilé onípákó la ó máa sùn, kò sí wàhálà tẹ́ǹtì, owó ẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Kí n tó ní káwọn èèyàn máa dáwó, mo fẹ́ kẹ́ni tó ti débẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ọjọ́ 5 tó? Kí la máa rà? Àwọn tó wà nílé ò mọ ọ̀tútù kankan ju ti ọyẹ́ lọ o.

Ẹ̀gbọ́n Mopa, Aberdeen:
Àbúrò, okun. Jẹ́ n sọ ojú abẹ níkòó, ẹ má gba ọjọ́ 5 yẹn, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Wo bí wọ́n ṣe máa tò ó: alẹ́ àkọ́kọ́ ẹ sùn ní Mandara, mítà 2,720. Alẹ́ kejì Horombo, 3,720. Alẹ́ kẹta Kibo, 4,700 àti díẹ̀, ẹ ò sì ní sùn dáadáa ní Kibo yẹn torí ní nǹkan bí agogo méjìlá òru ni wọ́n máa ní ó yá, ẹ dìde. Ohun táwọn dókítà ń sọ ni pé téèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kó má ṣe jẹ́ kí ibi tó máa sùn lálẹ́ yìí fi ju mítà 500 lọ ga ju ibi tó sùn lánàá. Tiyín á máa fò ní 1,000, 1,000. Orí òkè yẹn jẹ́ mítà 5,895, ọ́síjìn tẹ́ ẹ máa rí mí síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì èyí tó wà létí òkun. Òkè Patti tá a máa ń wò ní Lokoja ò tó 500. Ara ní láti kọ́ bó ṣe máa fi ìwọ̀nba atẹ́gùn yẹn ṣiṣẹ́, ọjọ́ ló sì fi ń kọ́ ọ, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ le tó.

Tó bá jẹ́ èmi, ọ̀nà Machame ọjọ́ 7 tàbí ọ̀nà Lemosho ọjọ́ 8. Inú tẹ́ǹtì lẹ ó máa sùn lóòótọ́, àmọ́ wo ohun tí ọ̀nà yẹn ń ṣe fún yín: lọ́jọ́ kan ẹ máa kúrò ní àgọ́ Shira níbi 3,800 àti díẹ̀, ẹ máa rìn gòkè títí dé Lava Tower, 4,600, àpáta dúdú ńlá kan tó dá dúró gẹdẹgbẹ, ẹ jẹun ọ̀sán níbẹ̀, orí á máa fọ́ àwọn kan, oúnjẹ ò ní wu ẹlòmíì jẹ, lẹ́yìn náà ẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco tí ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju Shira lọ. Àwọn èèyàn máa ń bínú pé kí ló dé tá a gòkè tá a tún ń sọ̀. Ìyẹn gan-an loògùn ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì orí ọ̀pọ̀ wọn á ti fúyẹ́. Machame ọjọ́ 6 náà wà, ẹ má gbà á, torí alẹ́ tí wọ́n yọ kúrò ni èyí tẹ́ ẹ bá sùn ní Karanga kẹ́ ẹ tó dé Barafu, ibi tẹ́ ẹ ti máa gbéra lóru.

Ó wá ku owó. Láìsí gáìdì tó ní láísẹ́ǹsì, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, bó ṣe wà láti 1991 nìyẹn. Owó páàkì nìkan fún ọjọ́ 7 ń lọ sí dọ́là 1,000. Torí náà bẹ́nì kan bá ní òun máa gbé yín lọ gbé yín bọ̀ ní 1,200, ẹ bi í pé èwo ló kù tó fẹ́ fi san owó gáìdì, kúùkù àtàwọn alábàárù? Ara àwọn alábàárù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Àwọn kan wà tó ń gbẹ́rù gun òkè yẹn tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń jẹun lóòjọ́, tí wọn ò ní kóòtù gidi lọ́rùn. Àjọ kan wà, Kilimanjaro Porters Assistance Project, KPAP ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń san owó alábàárù àti bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn, orúkọ àwọn kọ́ńpìnì tó ń bá wọn ṣe sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú. Ẹrù tí alábàárù gbọ́dọ̀ gbé ò ju kílò 20 lọ, tìẹ nínú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 15. Mi ò fẹ́ kí ọmọ Okun kankan débẹ̀ lórí ẹ̀yìn ẹni tébi ń pa.

Nọ́ọ̀sì Isanlu, Houston:
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ bàtà, ẹ jọ̀ọ́, jẹ́nótáìpù yín ńkọ́? Àwọn òyìnbó tó ń kọ nípa òkè yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu kàn án torí kì í ṣe ìṣòro ilé wọn. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, òkè yìí kì í ṣe tiẹ̀, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì tì í. Ẹni tó jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gùn ún láìsí nǹkan kan, àmọ́ ewu kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: níbi tí ọ́síjìn ti kéré, pàápàá tómi bá gbẹ lára ẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dí mọ́ ọn nínú spleen, ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ìhà òsì, kó sì ba ibẹ̀ jẹ́. Torí náà AS tó bá ń sọ pé ìhà òsì ń ro òun gan-an lókè yẹn, kì í ṣe gáàsì, kì í ṣe pé ó jẹun yó, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ sì wí fún dókítà pé AS ni. Kí gbogbo wọn lọ ṣàyẹ̀wò nísinsìnyí kó tó di pé ẹ sanwó.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ Diamox, dókítà ló ń kọ ọ́. Ó ń jẹ́ kí òkè tètè mọ́ni lára, àmọ́ ìtọ̀ á máa gbọ̀n ẹ́ lóru, ìka ọwọ́ á máa ṣe ẹ́ yínrìnyínrìn. Ẹni tí Septrin tàbí Fansidar ti yún lára rí kó sọ fún dókítà kó tó gbà á, torí sulfa tó wà nínú wọn. Orí fífọ́ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan, àmọ́ tó bá ń bì, tóògùn orí ò ràn án, kó má lọ sókè sí i lọ́jọ́ yẹn. Tó bá wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mẹmu yó, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó ń wúkọ́, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ikú, ẹ máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóru náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ẹ jẹ́ kẹ́ni kan nínú yín ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun ló máa ní àṣẹ láti sọ pé "ó tó, máa bọ̀ nílẹ̀", torí lókè yẹn kálukú ló máa ń purọ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun.

Ẹ má gbàgbé oògùn ibà náà. Ẹ̀fọn wà ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti pẹ́ lókè òkun, ara yín ò dá ibà dúró mọ́ bíi tìgbà tẹ́ ẹ wà nílé.

Ọmọ Kabba, Manchester:
Hẹ̀ẹ́n! Ọ̀rọ̀ AS yìí, ó lé ní ẹnì kan nínú wa o, mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ ṣeun gan-an mọ́mì. Àwọn tó wà nílé ńkọ́, báwo ni wọ́n á ṣe ṣe ìmúra, ibo ni wọ́n á sì gbà wá?

Ọmọ Ogidi, Toronto:
Kí wọ́n máa bọ̀ ní Ogidi! Pẹ̀lú gbogbo àpáta tó yí wa ká yẹn, kí ni wọ́n tún ń wá? Kí wọ́n di omi sínú báàgì ẹ̀yìn, bíi kílò 7, kí wọ́n máa gòkè kí wọ́n máa sọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wákàtí mẹ́rin márùn-ún, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ gan-an. Sísọ̀ ni kí wọ́n mú lọ́kùn-únkúndùn torí orúnkún ló máa ń kígbe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ nílẹ̀. Kò ní kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ṣá, ìyẹn wà lọ́wọ́ iye ọjọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ.

Ọkọ̀ òfúrufú Ethiopian ń gbé láti Abuja, wọ́n á yípadà ní Addis, wọ́n á bọ́ sí pápákọ̀ òfúrufú Kilimanjaro gan-an. Kí wọ́n mú yẹ́lò káàdì dání, Tanzania máa ń bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ẹ̀yin ará UK náà, tẹ́ ẹ bá gba Addis tàbí Nairobi tẹ́ ẹ sì jókòó síbẹ̀ ju wákàtí 12 lọ, wọ́n lè bi yín. Físà, ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kó tètè bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, kó má wo ti ẹni tó ní ti òyìnbó lọ́wọ́. Láílọ́ọ̀nù, wọ́n ti fòfin dè é ní Tanzania láti 2019, ẹ má fi di bàtà wá. Inṣọ́ránsì, ẹ ka kinní yẹn dáadáa, ọ̀pọ̀ ò kọjá mítà 3,000 tàbí 4,000, ẹ rí i pé tiyín dé 6,000 àti pé hẹlikópítà wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mopa, Aberdeen:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àkókò, ẹ mú January sí February, tàbí June sí October, ẹ fi April àti May sílẹ̀ fún òjò. Ọ̀tútù, alẹ́ tẹ́ ẹ máa gun orí ẹ̀ lè tó -15°C, atẹ́gùn tún ń fẹ́. Kẹ́ni kankan má wọ kọ́tìnnì mọ́ra, tó bá ti rin ún pẹ̀lú òógùn kì í gbẹ mọ́. Aṣọ tín-ín-rín tó ń fa òógùn, lẹ́yìn náà fleece, ìyẹn aṣọ onírun tó ń mú ara móoru, lẹ́yìn náà kóòtù oníhùùhù, kí èyí tójò ò lè gbà wà lókè gbogbo ẹ̀. Kò pọn dandan káwọn tó wà nílé ra kóòtù o, wọ́n lè háyà ẹ̀ ní Moshi, sleeping bag náà, àmọ́ bàtà ò ṣeé háyà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dirun mọ́lẹ̀ kí fìlà onírun lè wọlé.

Ní alẹ́ yẹn, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi látinú báàgì máa ń dì gbagidi. Ẹ gbé ìgò tó lẹ́nu gbòòrò, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ nínú báàgì, òkè omi ló máa ń kọ́kọ́ dì, tó bá jẹ́ ìdí ìgò ló wà lókè, ẹnu ẹ̀ á ṣì ṣeé ṣí. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì orí àti fóònù, inú sleeping bag ni kẹ́ ẹ kó wọn sí sùn. Àwọn gáìdì á máa sọ pé "pole pole", ìyẹn ẹ rọra máa rìn, ẹ rìn bí wọ́n ṣe ń rìn, ẹ má yọ wọ́n sílẹ̀. Oúnjẹ ò ní wuni jẹ lókè, torí náà kẹ́nì kan gbé chin-chin àti kúlíkúlí wá láti Kabba, nǹkan tí ẹnu mọ̀ máa ń rọrùn láti gbé mì.

Owó ẹ̀bùn àwọn gáìdì àtàwọn alábàárù, ẹ yà á sọ́tọ̀ láti ilé, dọ́là tuntun, tówó ẹ̀ kéré kéré, wọn kì í gba èyí tó ti gbó. Ẹ ka iye tó kan ipò kọ̀ọ̀kan sókè lójú gbogbo wọn, kó má bàa sọnù sápò ẹnì kan.

Fi ìwé iye tí kọ́ńpìnì yẹn kọ ránṣẹ́ sí inbox mi, kó o sì gba iye lọ́wọ́ méjì míì nínú àwọn tó ń bá KPAP ṣe, Machame ọjọ́ 7. Lẹ́yìn náà ká pe ara wa lálẹ́ Sunday, gbogbo yín, àtàwọn tó wà nílé.