Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo ti jà títí, ìbùkún ò dé

Ìyá Àánú, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ọdún 3 rèé tí mo ti ń gbààwẹ̀. Mo gba ti ọjọ́ 7, mo gba ti ọjọ́ 21. Lóṣù tó kọjá, òru 3 ni mo fi sùn lórí òkè, òjò pa mí débi pé Bíbélì mi wú bí àkàrà. Síbẹ̀, ìsọ̀ gàrí mi ní Sábó ti ṣófo, kóńgò méjì tí mo dojú wọn dé ló kù níbẹ̀. Ẹni tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó jẹ́ Kérésì nìkan ló ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ti ra kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì! Ṣé kí n kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì mi ni, àbí kí n tún gbààwẹ̀?

Màmá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ọdún 6 ni èmi fi wá ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá ọkọ mi da ẹrù mi síta. Ísáákì gbẹ́ kànga, wọ́n jà á gbà. Ó gbẹ́ òmíràn, wọ́n tún bá a du ú. Ẹ̀kẹta tí wọn ò bá a jà sí mọ́ ló pè ní Rèhóbótì, ìyẹn àyè gbòòrò. Ẹ tún gbẹ́ ẹ. Àwọn ìbejì mi ti wà ní JSS2, Táyé ò kàn fẹ́ jẹun ni.

Bàbá Díkínì: Ẹ má kúrò níbì kankan. Bowen tó mú iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ọdún kejì ni àìsàn lé e padà sí Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wa, 1898 ló tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní sùúrù.

Ọmọ Tísà: Bàbá, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ná. Owó ọjà dà?

Bàbá Díkínì: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Owó, owó ṣáá.

Ìyá Àánú: Ọmọ Tísà, mi ò kì í ṣe onínàákúnàá. Ẹ̀jẹ́ ni mo fi san. Wòlíì kan tó wá ṣe ìsọjí ló ní ká mú èyí tó máa dùn wá jù wá. ₦180,000. Ọlọ́run ni mo fún, mi ò fi ra aṣọ.

Ọmọ Tísà: Ṣé owó tiyín ni, mà?

Màmá Ìbejì: Irú ìbéèrè wo nìyẹn?

Ìyá Àánú: Owó àjọ ni. Èmi ni alájọ, èèyàn 12 ló ń dá a. Wọ́n ń wá mi wá sí ìsọ̀ lójoojúmọ́, ni mi ò fi lọ mọ́.

Màmá Ìbejì: Yéè!

Bàbá Díkínì: Ọmọ Tísà, má bínú. Ìyá Àánú, kí Jákọ́bù tó bá áńgẹ́lì jìjàkadì fún ìbùkún ní odò Jábókù lóru yẹn, ó ti fi ewúrẹ́ 200 àti òbúkọ 20 ṣáájú ránṣẹ́ sí Ésáù tó rẹ́ jẹ. Àgùntàn àti ràkúnmí ṣì wà lẹ́yìn.

Ìyá Àánú: Ewúrẹ́ kan ni mo ní, bàbá. Ó sì lóyún.

Ọmọ Tísà: Ẹ tà á.

Màmá Ìbejì: Kí ló dé tẹ́ ò ní jẹ́ kó bímọ ná?

Ìyá Àánú: Ìyá elépo ni tiẹ̀ kéré jù, ₦4,500. Mò ń lọ bá a láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ bá mi gbàdúrà kó má pariwo.