Mo fẹ́ sọ Kọ̀ǹbí 1/24 di dáńfó Èkó: irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Kọ̀ǹbí_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará wa. Ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Jámánì bá mi gbé kíìtì Revell dé, ẹ̀yà pílásítíìkì tí ènìyàn máa ń lẹ̀ pọ̀ fúnra ẹ̀, Kọ̀ǹbí VW T2 ni, 1/24 (mọ́tò gidi gùn tó o ní ìlọ́po 24), tuntun nínú páálí ẹ̀, mi ò tíì já ọ̀rá ẹ̀ gan-an. Gbogbo ẹni tí mo rí tó kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kùn ún bíi mọ́tò ìgbafẹ́ tí òyìnbó fi ń lọ sí etí òkun, èmi ò fẹ́ ìyẹn rárá. Dáńfó ni màá fi ṣe, dáńfó Èkó gidi, yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú, kí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí kọ̀ńdọ́ yọ ẹsẹ̀ kan síta, kí bọ́ńpà iwájú ti tẹ̀, kó dípẹtà níbi tó yẹ kó dípẹtà.

Wàhálà mi ni irinṣẹ́. Ìbàdàn ni mo wà, mi ò mọ ṣọ́ọ̀bù kankan níbí tó ń ta nǹkan àwa tó ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì, fídíò YouTube tí mo ń wò náà sì ń dẹ́rù bà mí, ẹnì kan á kàn jókòó sídìí tábìlì kan, irinṣẹ́ orí ẹ̀ nìkan á tó owó ilé ọdún kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ rà, kí ni mo lè fi nǹkan àdúgbò dípò ẹ̀, ṣé súpá gúlù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà á ṣiṣẹ́, ṣé dandan ni airbrush, ohun tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà? Kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó wà lórí tábìlì tiyín náà o.

Bàbá_Sáńpépà

O kú oríire àbúrò. Fọkàn balẹ̀ jàre, ìdajì irinṣẹ́ tó o rí lórí YouTube yẹn ló wà ládùúgbò rẹ, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ míì ló kàn wà. Bíléèdì: lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọsibítù, o ò lè wá a tì lágbègbè UCH, béèrè handle nọ́ńbà 3 àti bíléèdì nọ́ńbà 11. Èyí tí dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ni, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó, ó mú burúkú. Má fi ìka tì í sára handle o, píláyà ni kó o fi dì í mú, bíléèdì yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka àti pílásítíìkì.

Sáńpépà, má ra ti káfíńtà. Ti àwọn tó ń kun mọ́tò ni, èyí tí wọ́n ń fi omi lò, 400, 600, 1000, 2000. Gé e wẹ́wẹ́, lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi áísìkirimù, ó parí. Fáìlì àwọn ọmọ tó ń ṣe èékánná náà dáa gan-an, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń mú èékánná dán lẹ́yìn tí wọ́n bá fá a tán, tí wíńdò kíìtì bá ha, òun lo máa fi yọ ọ́.

Kọ́tà ni mi ò ní jẹ́ kó o fi nǹkan míì dípò ẹ̀. Èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń gé wáyà tín-ín-rín, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan tẹ́ pẹrẹsẹ. Má gé ẹ̀yà súnmọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, gé e jìnnà díẹ̀ kúrò lára férémù tí wọ́n so gbogbo ẹ̀yà mọ́, kó o wá gé ìyókù, kí bíléèdì tẹ̀ lé e, kí sáńpépà wá kẹ́yìn. Ẹni tó bá fọwọ́ ṣẹ́ ẹ, ojú ibẹ̀ á funfun tàbí kó ya wọnú, wàhálà tuntun nìyẹn.

Súpá gúlù á lẹ̀ ẹ́, àmọ́ òun kọ́ ni gúlù kíìtì. Gúlù pílásítíìkì gidi bíi Tamiya Extra Thin tó ní ìdérí gírínì, ńṣe ló ń yọ́ ojú méjèèjì wọnú ara wọn tí wọ́n á fi di ẹyọ kan. Kọ́kọ́ pa ẹ̀yà méjèèjì pọ̀, wá fi búrọ́ọ̀ṣì abẹ́ ìdérí ẹ̀ kan ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, á sáré wọlé fúnra ẹ̀. Má fi súpá gúlù lẹ wíńdò láéláé, èéfín ẹ̀ máa ń jẹ́ kí nǹkan tó mọ́ gaara di funfun, Top Bond ni kó o fi lẹ wíńdò, tó bá gbẹ o ò ní rí i. Omi tí wọ́n fi ń nu èékánná náà, má jẹ́ kó débẹ̀, acetone inú ẹ̀ á jẹ pílásítíìkì yẹn kanlẹ̀. Ègé férémù tó ṣẹ́kù, má dà á nù, gé e wẹ́wẹ́ sínú ìgò gúlù tó ti fẹ́ tán, tó bá di ọjọ́ kejì á ti ki bí ẹ̀kọ, ìyẹn lo máa fi dí àlàfo.

Lórí tábìlì tèmi, Volkswagen ìjàpá ni, Tamiya 1/24, 1300 ti 1966. Òjò ló dá mi dúró.

Gunpla_Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán, àmọ́ èmi ò fara mọ́ ọn kí ẹni tí kò tíì lẹ nǹkan kan rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò. Ara mọ́tò tó ń dán ò bo àṣírí, eruku kan ṣoṣo báyìí gbogbo ayé á rí i. Bro mi, wá Gundam kékeré kan ná, róbọ́ọ̀tì inú fíìmù Japan, HG ti Bandai, 1/144, kò gba gúlù, kò gba ọ̀dà, inú pílásítíìkì yẹn gan-an ni àwọ̀ ẹ̀ wà, o kàn ń gé o ń tò ó ni, kó o tó parí ẹ̀ ọwọ́ rẹ á ti mọ kọ́tà àti sáńpépà lò. Èmi ń retí Gundam MG kan, 1/100, tó ní egungun nínú kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ, láti ìgbà tí wọ́n ti ní ó ti kúrò ní Japan ni mi ò ti fojú kan oorun dáadáa.

Bàbá_Sáńpépà

Ibo lo ti rí dáńfó tó ń dán?

Gunpla_Àkúrẹ́

😂😂 Ẹ̀gbọ́n ẹ ti mú mi, mo gbà.

Àǹtí_Sítírọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Iṣẹ́ yíya ilé ni mo kà ní Ifẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti yá sí gígé páálí àti sítírọ́bọ́ọ̀dù mọ́jú tí lẹ́kíṣọ́rà á tún fi ọwọ́ kan wó o lulẹ̀.

Ìlẹ̀kùn tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí yẹn, ẹ yẹ ara mọ́tò náà wò kẹ́ ẹ tó lẹ ohunkóhun. Tí wọ́n bá mọ ọ́n pọ̀ mọ́ ara, ẹ má fi agídí gé e. Ẹ̀yìn bíléèdì ni kẹ́ ẹ fi máa fa ojú ìlà tó yí ìlẹ̀kùn ká, díẹ̀díẹ̀, lọ bọ̀ lọ bọ̀, á fúyẹ́ á fúyẹ́ títí á fi já fúnra ẹ̀. Ẹ ò ní wàhálà sítíá, òsì ló wà nínú kíìtì Jámánì, ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wà lọ́tùn-ún, bó ṣe yẹ kó rí ní Nàìjíríà náà nìyẹn láti 2 April 1972 tí a ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún.

Èmi gan-an ni wàhálà yẹn wà lọ́rùn ẹ̀, torí bọ́lẹ̀kájà ni mo fẹ́ kọ́, ti ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, sítíá ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́tùn-ún. Mi ò rí kíìtì ẹ̀ níbì kankan, àtọwọ́dá ni gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé orí ṣásí Bedford tàbí Austin ni àwọn káfíńtà wa ti ń kan pákó mọ́ ọn, nítorí náà igi gidi ni màá fi kan tèmi náà, igi áísìkirimù fún ara, igi ìtayín fún àwọn òpó, sítírọ́bọ́ọ̀dù nísàlẹ̀. Bẹ́ńṣì méjì tó kọjú síra wọn, tí bẹ́ńṣì gidi bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, tèmi á jẹ́ mílímítà 19 ó dín díẹ̀. 1/24 ni mo mú kí bọ́lẹ̀kájà mi lè dúró ti dáńfó yín ká ya wọ́n pọ̀ ní fọ́tò. Táyà nìkan ló ń dà mí láàmú. Ẹni tó bá ní 3D printer nítòsí Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo kó jọ̀ọ́ kó bá mi sọ̀rọ̀.

Jaguar_Pẹ́kámù

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ní ká bá yín fi ọ̀dà ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ṣàánú wa, ọ̀dà agolo àti gúlù pílásítíìkì kì í wọ bàálù bẹ́ẹ̀ yẹn, nǹkan tó ń gbiná ni, wọ́n á yọ ọ́ nínú báàgì. Àwọn tó ń kó ẹrù gba orí omi, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó di í. Ọ̀dà olómi bíi Vallejo ni ò ní wàhálà yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń wá fọ́tò inú Kọ̀ǹbí, dáṣíbọ́ọ̀dù, ìjókòó, ìdí ẹ́ńjìnnì, ẹ wá ti Brazil, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ títí di 2013. Ẹ kàn ṣọ́ra fún iwájú ẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ní ihò rédíétọ̀ dúdú gbàgàdà níwájú torí wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì tí omi ń mú tutù sí i, kò sí ìyẹn lára T2 ti Jámánì.

Tèmi báyìí, mò ń múra Telford, Scale ModelWorld, àfihàn tí IPMS UK, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì, máa ń ṣe ní oṣù November. Kì í ṣe kíìtì tuntun ni mò ń lọ rà níbẹ̀, àpótí àwọn tó ń ta àlòkù ni mo máa ń tú. Jaguar, bàálù ogun, ni mò ń wá, kíìtì Hasegawa 1/72, kí n fi ṣe ti ọmọ ogun òfuurufú tiwa. 18 ni Nàìjíríà rà, 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Makurdi ni wọ́n ń gbé, kò sì tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi dá wọn jókòó. Òbìrìkìtì gírínì-funfun-gírínì rọrùn, nọ́ńbà NAF ara ẹ̀ ni mi ò tíì rí ẹni tẹ̀ fún mi.

Kọ̀ǹbí_Mọ́kọ́lá

Háà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ra handle àti bíléèdì, obìnrin tó tà á fún mi ń wò mí bíi pé mo fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ nínú ilé. Ó ku ọ̀dà. Yẹ́lò dáńfó, báwo lẹ ṣe ń rí i mú? Fọkanáísà àdúgbò wa ní òun á yá mi ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́ tí mo bá ra airbrush, ṣé kí n gbà?

Bàbá_Sáńpépà

Fọkanáísà kẹ̀! Omi àti ọ́ìlì ló ń bá afẹ́fẹ́ ẹ̀ jáde, agbára ẹ̀ sì pọ̀ jù, 15 sí 20 psi ni a fi ń lo airbrush. Tó bá yá, tó o bá fẹ́ tìẹ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ni kó o lọ, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fíríìjì kì í pariwo, àmọ́ dandan ni régúlétọ̀, dandan ni ohun tó ń gba omi àti ọ́ìlì sílẹ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ so ó mọ́ sílíńdà, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́, tó ní fáàfù tó ń tú u sílẹ̀ tó bá pọ̀ jù. Fún dáńfó kan ṣoṣo, ọ̀dà agolo ti tó, má lọ náwó.

Yẹ́lò ò kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tó o bá fín in sórí púráímà eérú, á ṣú, á fẹ́ jọ gírínì. Funfun ni kó wà lábẹ́ ẹ̀, tàbí pínńkì, bẹ́ẹ̀ ni, pínńkì, òun ló ń jẹ́ kí yẹ́lò gbóná bíi ti Èkó. Àwọn tó ń po ọ̀dà mọ́tò mọ yẹ́lò dáńfó lórí, ní kí wọ́n po díẹ̀ fún ẹ, àmọ́ kí wọ́n fi funfun díẹ̀ sí i, torí àwọ̀ tó bá mọ́tò ńlá mu máa ń ṣú jù lára kékeré. Kó o sì fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tínà wọn le, tó bá rẹ pílásítíìkì jù á jẹ ojú ẹ̀.

Ìlà dúdú, tí ti gidi bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tìẹ á jẹ́ mílímítà 4. Jẹ́ kí yẹ́lò gbẹ dénú, lẹ téèpù, kó o tún fín yẹ́lò díẹ̀ sí etí téèpù yẹn kó dí gbogbo àlàfo, kó o tó wá fín dúdú. Tó o bá ṣí i, ìlà á gún gbọọrọ. Má fín ohunkóhun lọ́jọ́ òjò, ìdí tí ìjàpá mi fi dúró nìyẹn, tí afẹ́fẹ́ bá tutù ọ̀dà yẹn máa ń hu funfun lójú. Ọyẹ́ náà ní eruku tiẹ̀, ká máa ṣáà ṣọ́ oòrùn ọ̀sán ni.

Purínítà_Yábàá

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìkọ̀wé, iṣẹ́ mi ni. Ẹ ra pépà decal tó mọ́ gaara, èyí tẹ́ ẹ máa tẹ ìkọ̀wé sí, tẹ́ ẹ máa rì sómi kí ìkọ̀wé lè ṣí kúrò, kẹ́ ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mọ́tò. Tó bá jẹ́ purínítà oníńkì olómi lẹ lò, ẹ fín fánísì bò ó kó tó fojú kan omi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ íńkì á ṣàn lọ. Purínítà wa ò ní íńkì funfun, àmọ́ dúdú lórí yẹ́lò ni dáńfó, nítorí náà ẹ ti bọ́. "OSHODI–CMS" lẹ́gbẹ̀ẹ́, "ÌYÁ NI WÚRÀ" lẹ́yìn, ẹ máà fi fọ́ńtì kọ̀ǹpútà tó gún régé kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ wá ya á sínú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ àwọn tó ń kọ̀wé sára mọ́tò ló yẹ kó hàn níbẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀, lẹ́tà pupa ni o, ọkọ̀ akérò ni, búlúù ti ọkọ̀ ẹni ni, mo ti rí dáńfó méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́ dáadáa tí wọ́n wá fi búlúù bà á jẹ́. Pépà decal funfun ni kẹ́ ẹ fi tẹ ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Pẹ́kámù, ẹ fi fọ́tò nọ́ńbà Jaguar yín ránṣẹ́, ẹ jẹ́ n wò ó bóyá mo lè tẹ̀ ẹ́.

Jaguar_Pẹ́kámù

Ọlọ́run á bùkún ẹ. Mò ń fi í ránṣẹ́ báyìí.

Gunpla_Àkúrẹ́

Kọ̀ńdọ́ ńkọ́? Ṣé Gundam mi ni kó wá so mọ́ ìlẹ̀kùn?

Àǹtí_Sítírọ́bọ́ọ̀dù

ICM àti Master Box ń ta ènìyàn 1/24, àmọ́ òyìnbó ni wọ́n, aṣọ òyìnbó ló wà lọ́rùn wọn. Ẹ ra èyí tó bá gbé apá sókè, ẹ gé e ní èjìká kẹ́ ẹ yí i síbi tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ fi epoxy, èyí tí wọ́n ń po méjì pọ̀, dí ojú ibi tẹ́ ẹ gé. Aṣọ, tíṣù ni. Ẹ ṣí ìpele kan ṣoṣo kúrò lára ẹ̀, ẹ fi Top Bond tẹ́ ẹ ti bu omi là rẹ ẹ́, ẹ wọ̀ ọ́ fún un nígbà tó ṣì tutù, kẹ́ ẹ fi igi ìtayín tò ó ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po. Tó bá gbẹ á le, á gba ọ̀dà. Bí mo ṣe ṣe ìró àti gèlè ìyá elérù tó máa jókòó nínú bọ́lẹ̀kájà mi nìyẹn, màá gbé fọ́tò ẹ̀ síbí tí NEPA bá mú iná dé, fóònù mi ti fẹ́ kú.