Ilé Iléṣà tí a fẹ́ tà kí Kérésì tó dé: ó ti tà

Ẹ ṣé gan-an. Mo bi yín bí a ṣe lè tètè ta ilé ẹbí kí ọdún tó wọlé. Ìwé ló tà á, kì í ṣe pátákó "ilé títà" tá a gbé síta. Ẹni tó ní ká kọ́kọ́ to ìwé jọ ló jàre: sọ́fè (àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà), rìsíìtì ilẹ̀, àti àdéhùn tí olórí ẹbí àtàwọn olórí ojúlé jọ fọwọ́ sí. Ẹ má fojú di ìfọwọ́sí yẹn o. Bí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, òfin ò ka títà náà kún rárá. Bó bá sì dá a tà, àwọn yòókù lè tú u ká ní kóòtù. Koríko ti bo òkúta ààlà kan. A ṣán an títí nọ́ńbà orí rẹ̀ fi hàn, nítorí òun ni lọ́yà oníbàárà fi yẹ sọ́fè wò.

Ìpolówó lórí WhatsApp ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ará òkè òkun ń béèrè, àmọ́ ó di ìgbà tí wọ́n bá wálé fún ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà.

Ó ku ìfọwọ́sí gómìnà sí títà náà, àti ayálégbé ọlọ́dọọdún kan tí nótíìsì oṣù mẹ́fà rẹ̀ ò tíì pé. Oníbàárà gbà á mọ́ ilé bẹ́ẹ̀.