Láti ìpàdé àdúgbò dé àpérò ìpínlẹ̀: bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán ṣe ń di dẹ́lígéètì l'Amẹ́ríkà

Ará Saint Paul, Minnesota

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bínú lọ́dún ìdìbò pé wọ́n ti mú ẹni tó wù wọ́n fún wa, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ yín o. Ìgbà tí àpérò ìpínlẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń yan olùdíje tó máa fọwọ́ sí, bá fi máa dé, ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, àwọn tó máa dìbò níbẹ̀ ti pé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nínú òtútù, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n jọ ní kíláàsì ilé-ìwé tí kò jìnnà sílé yín.

Ìpele mẹ́ta ló wà. Kọ́kọ́ọ̀sì ni àkọ́kọ́, ìyẹn ìpàdé àwọn tó ń dìbò lójú kan náà. Agogo méje alẹ́ ni, lọ́dún tí ìdìbò gbogboogbò bá wà. Kọ́kọ́ọ̀sì ló ń yan àwọn tó ń lọ sí àpérò agbègbè, yálà ti káúńtì tàbí ti agbègbè sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀. Àpérò agbègbè yìí ló wá ń yan dẹ́lígéètì ti ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù àti ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ẹ gbọ́ èyí: òfin Minnesota sọ pé bí ẹ bá fi ìwé sọ fún ọ̀gá yín, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, kò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ yín. Owó àsìkò tí ẹ kò fi sí níbi iṣẹ́ nìkan ló lè yọ. Ìwé ni òfin wí o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìpele àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ní ọ̀pọ̀ yàrá, àyè tí ẹgbẹ́ fún àdúgbò náà pọ̀ ju èèyàn tó wá lọ, ẹni tó bá ṣáà ti nawọ́ ti wọlé. Àpérò agbègbè ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ń já sí, torí wọn kò mọ ìṣirò rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ DFL (orúkọ tí àwọn Dẹ́mókíráàtì ń jẹ́ níbí nìyẹn) ṣe ń ṣe é rèé. Ká ní dẹ́lígéètì 180 ló wà nínú gbọ̀ngàn, tí àyè 15 sì wà fún àpérò ìpínlẹ̀. Ẹ pín 180 sí ọ̀nà 15, ó di 12. Àwọn dẹ́lígéètì á pín ara wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́; ọ̀wọ́ tí kò bá pé èèyàn 12 kò ní rí nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni lè gbé pátákó sókè kó sọ orúkọ ọ̀wọ́ tirẹ̀: orúkọ olùdíje, tàbí ọ̀rọ̀ tó ká a lára bí owó ilé, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Alága á fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo èèyàn á dìde, kálukú á rìn lọ síbi tó wù ú, wọn á sì kà yín. Ọ̀wọ́ tí kò pé 12 gbọ́dọ̀ tú ká tàbí kó darapọ̀ mọ́ òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni kíkà ìkẹyìn.

Láàárín kíkà méjèèjì yìí ni ọgbọ́n wà. Ọ̀wọ́ tó ní èèyàn 29 ní àyè 2, èèyàn 5 sì ṣẹ́ kù tí wọn ò tó àyè kan. Bí ọ̀wọ́ kan tí ẹ jọ ń rò bákan náà bá wà lápá ọ̀hún pẹ̀lú èèyàn 7, kí àwọn 5 yẹn lọ bá wọn, wọ́n di 12, àyè kan ti wọlé nìyẹn. Ọ̀wọ́ tó ní 23 ńkọ́? Ọ̀kan ló dájú fún un, ṣùgbọ́n 11 tó ṣẹ́ kù pọ̀ débi pé, nígbà tí wọ́n bá ń pín àyè tó kù fún àwọn tí àṣẹ́kù wọn pọ̀ jù, òun ló máa wà níwájú. Nítorí náà, kí ẹnì kan nínú yín ní kálékúlétọ̀ lọ́wọ́, kó sì máa rìn káàkiri ka àwọn ọ̀wọ́ yòókù. Àwọn tó dúró sójú kan tí wọ́n ń jiyàn lórí ìlànà olùdíje nìkan ló máa ń pàdánù àyè tó yẹ kó jẹ́ tiwọn.

Bí àyè bá ti dé ọwọ́ ọ̀wọ́ yín, inú ọ̀wọ́ ni ẹ ti máa yan ẹni tó ń lọ àti àwọn adelé. Ẹ má kọ ipò adelé. Wọ́n máa ń fi adelé rọ́pò ẹni tí kò wá, àwọn tí kò ní wá kì í sì í ṣe kékeré, pàápàá bí àpérò bá wà ní Duluth tàbí Rochester tó jìn sí ìlú ńlá. Ẹ̀yin náà lẹ máa san owó mọ́tò àti hòtẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe bíi dẹ́lígéètì ilé wa tí wọ́n ń kó sí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sì ń ṣọ́ bí ẹyin.

Àpérò ìpínlẹ̀ ń wá ìbò 60 nínú 100 kó tó fọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, ó sì lè pẹ́. Lọ́dún 2022, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni àwọn Rìpọ́blíkà dìbò ní Rochester kí Scott Jensen tó rí ìfọwọ́sí gbà fún ipò gómìnà. Síbẹ̀, ìfọwọ́sí yìí kò ti ọ̀nà ìdìbò abẹ́lé ti oṣù kẹjọ pa. Lọ́dún 2018, Erin Murphy ni àpérò DFL fọwọ́ sí fún ipò gómìnà, Tim Walz ló borí nínú ìdìbò abẹ́lé.

Ará Salt Lake City, Utah

Ẹ̀gbọ́n ti ṣe àlàyé tó kún. Ti àwọn Rìpọ́blíkà Utah yàtọ̀ díẹ̀, ó sì fi agbára kọ́kọ́ọ̀sì hàn kedere. Dẹ́lígéètì ìpínlẹ̀ wọn tó nǹkan bí 4,000, ọdún méjì ni wọ́n ń lò. Oṣù kẹta ni wọ́n ń yàn wọ́n ní kọ́kọ́ọ̀sì, tààrà, kò sí ìpele àárín. Ẹni tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò rẹ̀ kò bá sọ pé Rìpọ́blíkà ni, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n ń yan oríṣi dẹ́lígéètì méjì, àwọn àlejò sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Ti káúńtì ń dìbò lórí àwọn ipò inú káúńtì. Ti ìpínlẹ̀ ló ń dìbò lórí gómìnà àti sẹ́nétọ̀. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń dù kí wọ́n tó pe orúkọ yín. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ni wọn á fún yín láti sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì máa tẹ̀ lé e: ta lẹ máa dìbò fún? Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po níbẹ̀, àwọn aládùúgbò á gba ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀, òfin kò de ẹnu yín mọ́ ohun tí ẹ sọ. Lẹ́yìn kọ́kọ́ọ̀sì àwọn olùdíje á máa pè yín lórí fóònù, wọn á máa pè yín sí oúnjẹ, ẹ sì lè yí ọkàn padà.

Lọ́dún 2010, Bob Bennett tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ fún sáà mẹ́ta kò kọjá àpérò. Nǹkan bí 3,500 dẹ́lígéètì ló lé e kúrò lójú ọ̀nà, àwọn ará ìlú yòókù kò tilẹ̀ rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò abẹ́lé ti ẹgbẹ́. Orrin Hatch, sẹ́nétọ̀ Utah kejì, rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tó kàn án lọ́dún 2012, àwọn èèyàn rẹ̀ ti kiri gbogbo àdúgbò kó tó di alẹ́ kọ́kọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá aládùúgbò tó máa du dẹ́lígéètì nítorí rẹ̀. Ó rí ìbò tó lé díẹ̀ ní 59 nínú 100, 60 ló sì yẹ kó pé, ló bá di ìdìbò abẹ́lé, ó sì borí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ìpolongo lórí tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló gba Hatch lọ́wọ́ àpérò, àwọn tó lọ jókòó sí kíláàsì ni.

Láti ọdún 2014 òfin ti gba olùdíje láyè láti kó ìbuwọ́lùwé jọ kó fi dé orí ìwé ìdìbò abẹ́lé. Fún ipò gómìnà, 28,000 ni. Ìyẹn ló gba gómìnà Spencer Cox sílẹ̀ lọ́dún 2024: Phil Lyman fi nǹkan bí 67 nínú 100 nà án ní àpérò, Cox borí rẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé. Àwọn kan ti ń sọ pé àpérò ti di eré. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹni tí kò lówó láti kó 28,000 ìbuwọ́lùwé jọ ti lè wọlé.

Ará Richmond, Virginia

Tiwa níbí, fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò kó tó di ọdún 2024, tí òfin ìpínlẹ̀ mú kí irú àpérò yìí ṣòro láti ṣe. Nígbà tí àwọn Rìpọ́blíkà Virginia bá yan àpérò dípò ìdìbò abẹ́lé (ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ló ń pinnu èyí), ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ dẹ́lígéètì á kọ fọ́ọ̀mù fún ìgbìmọ̀ káúńtì tàbí ìlú rẹ̀, á sì fọwọ́ sí i pé òun máa ti àwọn tí ẹgbẹ́ bá fà kalẹ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ àti wákàtí tí fọ́ọ̀mù ń tì kì í yẹ̀. Bí àwọn tó kọ ọ́ kò bá ju àyè tó wà lọ, gbogbo wọn ti di dẹ́lígéètì láìsí ìdìbò.

Ohun tí kì í yé èèyàn ni ìwọ̀n ìbò. Káúńtì ló ní ìbò, kì í ṣe orí kan ìbò kan. Bí káúńtì kan bá ní ìbò 60 tí dẹ́lígéètì 20 péré yọjú, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ìbò 3 lọ́wọ́. Bí 120 bá wá, ààbọ̀ ìbò ni ti ẹnì kan. Olùdíje tó gbọ́n á wá dẹ́lígéètì sí àwọn káúńtì kéékèèké tí èèyàn kì í lọ, torí ìbò ibẹ̀ wúwo.

Lọ́dún 2013, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dìbò ní Richmond kí E. W. Jackson tó di ẹni tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ fún ipò igbákejì gómìnà. Lọ́dún 2021, nítorí àrùn Kòrónà, wọ́n pín àpérò sí ojúkò 39: èèyàn tó ju 53,000 lọ ló forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí 30,000 ló dìbò, wọ́n to àwọn olùdíje láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn lórí ìwé kan ṣoṣo. Glenn Youngkin ló jáde níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdíje gómìnà. Ẹ wo èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ tí kò wá!

Ará Denver, Colorado

Ní kúkúrú: ẹ ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ ó kéré tán ọjọ́ 22 ṣáájú kọ́kọ́ọ̀sì. Olùdíje tó bá rí 30 nínú 100 ní àpérò ìpínlẹ̀ ti dé orí ìwé ìdìbò abẹ́lé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ fi kún un, torí ó ń ṣe àwa ọmọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Àkọsílẹ̀ olùdìbò ń pè yín ní Omotayo, ẹ kọ Tayo sórí fọ́ọ̀mù. Tàbí ẹ ti lọ́kọ, orúkọ bàbá ṣì wà lórí ìwé ìwakọ̀. Tàbí wọ́n ti fi orúkọ ìdílé ṣáájú. Tábìlì àyẹ̀wò kò ní àkókò láti gbọ́ àlàyé ìsọmọlórúkọ. Bí ìwé méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n á ní kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo àkọsílẹ̀ yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an. Àdírẹ́sì náà ńkọ́? Ẹni tó kó ilé láìyí i padà á bá ara rẹ̀ ní yàrá àdúgbò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tó ní green card tí kò tíì búra: ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó sọ pé ẹ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá máa rẹ́rìn-ín tó. Ọ̀rọ̀ yẹn lè ba ìwé ìgbélùú jẹ́ pátápátá.

Ará Saint Paul, Minnesota

Ó ṣeun, àbúrò. Ọ̀kan ṣì kù: kíkà ìbò. Lọ́dún 2025, àpérò DFL ìlú Minneapolis fọwọ́ sí Omar Fateh fún ipò mayor ní oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ fagi lé e, torí ìbò tí wọn kò kà pé tí wọ́n sì fi yọ olùdíje kan láìtọ́. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí yóò máa kọ iye ìbò àwọn èèyàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dìbò, kó lè dìde sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kéde.

Ẹni tó bá sì fẹ́ jáde lọ jẹun tàbí lọ sílé, kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó adelé, kó dá káàdì rẹ̀ padà. Bó bá kàn jáde lọ, àga rẹ̀ á ṣófo, adelé tó ti ń dúró láti àárọ̀ kò sì ní lè jókòó síbẹ̀.