Báwo lẹ ṣe ń díwọ̀n owó fún àwọn tó ń kó gọ́tà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Bàrígà, ìdílé 40 tí kòrónà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn la ní kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta kó gọ́tà àdúgbò, ká máa sanwó fún wọn. Irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021 ni, ènìyàn 1,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 20,000 náírà lóṣù.

Owó ojúmọ́ la kọ́kọ́ san. Wọ́n kàn ń fi ṣọ́bìrì ṣeré ni; ilẹ̀ ṣú, wọn ò tíì dé ojúlé kẹta. A wá ń sanwó lórí mítà: ẹni méjì, mítà mẹ́wàá. Iṣẹ́ yá, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ sáré gba ibi tí ẹrẹ̀ ò ti jìn, wọ́n fi iwájú ọjà sílẹ̀ fún àwọn opó, níbi tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dì mọ́ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ńkọ́? Bí òjò bá ṣáájú báró dé, inú gọ́tà ló ń padà sí. Bí a bá kó o sápò, àpò sìmẹ́ǹtì ń ya. Àpò ìrẹsì ló ń ro omi dànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé jíjìn ẹrẹ̀ lẹ fi ń sanwó ni, àbí iye àpò? Bó bá jẹ́ àpò, báwo lẹ ṣe ń mú ẹni tó ń bu iyanrìn ojú títì kún un?