Ìtòògbé, oorun àsùnwọra, àti èyí tí kì í ṣe oorun rárá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé “Sùn” nìkan ni kí a kọ fún suspend àti hibernate, ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń dá iṣẹ́ dúró láì pàdánù rẹ̀, nínú ìtumọ̀ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tí a ń ṣe ní Adó-Èkìtì. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá tẹ “Sùn” lálẹ́ tí kò sí iná lè bá bátìrì ní kíkú láàárọ̀, kí iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ sì ti dànù.

Suspend ní oríṣi ju ọ̀kan lọ. Láti mọ èyí tí kọ̀ǹpútà yín ń lò, ẹ tẹ cat /sys/power/mem_sleep sínú terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ. Ẹ lè rí “s2idle [deep]”, “[s2idle] deep”, tàbí s2idle nìkan. Èyí tó wà nínú àkámọ́ ni kọ̀ǹpútà yóò lò. Ní s2idle, wọn kò pa CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ó kàn ń sinmi, ó sì tètè máa ń lajú. Òun ló ń jẹ bátìrì jù. “Ìtòògbé” bá a mu. Ní deep, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé RAM (ibi tí iṣẹ́ tí a ṣí sílẹ̀ wà) nìkan ni iná ṣì ń dé: “oorun àsùnwọra” nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí a ti ní nílé tẹ́lẹ̀. Bí deep bá wà tí kì í ṣe òun ló wà nínú àkámọ́:

echo deep | sudo tee /sys/power/mem_sleep

Ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yín pamọ́ kí ẹ tó dán an wò, torí àwọn kọ̀ǹpútà kan kì í jí padà láti inú deep. Bó bá jí dáadáa, ẹ fi mem_sleep_default=deep sí ìlà kernel (ọkàn Linux) nínú GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde bí a bá tan kọ̀ǹpútà, kó lè dúró bẹ́ẹ̀.

(Àwọn tó ní “ùtòògbé” ni kí a kọ, bí a ṣe ń pe ulé àti uyán níbí: gbogbo Yorùbá ni yóò ka ìtumọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ì- kọ ọ́, kí oníkálukú fi ẹnu ìlú rẹ̀ pè é.)

Hibernate kì í ṣe oorun. Ó ń kó ohun tó wà nínú RAM sínú swap, àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí dísìkì, ó sì ń pa iná pátápátá; bátìrì ìbáà kú, iṣẹ́ wà níbẹ̀. “Kó pamọ́ kí o sì pa” ni mo dábàá. Ó gùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Bí swap bá kéré, kò ní ṣeé ṣe; bí kernel kò bá sì mọ ibi tí swap wà, èyí tí a sábà máa ń fi resume= sọ fún un, yóò tàn lákọ̀tun bí ẹni pé a kò kó nǹkan kan pamọ́.

“Ajíni” tí ẹnìkan mú wá fún ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà jọ “ajínigbé” jù. “Ohun tó ń jí i” tó. Bó bá ń jí ní kété tó sùn, ẹ wo /proc/acpi/wakeup. Bí XHC, ti USB, bá jẹ́ enabled, echo XHC | sudo tee /proc/acpi/wakeup yóò pa agbára rẹ̀ láti jí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, yóò tún tan án.