Àwo àkọ́kọ́ The Clash tí mo rà: ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àwo orin àtijọ́. London ni mo wà. Ní Sátidé tó kọjá, mo ra àwo àkọ́kọ́ tí The Clash, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ọjà àlòkù. Ó búra pé ti 1977 ni, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tó gbà sì jọ bẹ́ẹ̀!

Páálí rẹ̀ ò lábùkù: àwọ̀ ewé ló yí fọ́tò ká, àwọn mẹ́ta ló dúró níbẹ̀, Terry Chimes onílù wọn ò sí láàárín wọn. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ, "Clash City Rockers" ni mo gbọ́ dípò "Janie Jones" tó ṣáájú nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka àwọn orin náà, 15 ni, bẹ́ẹ̀ 14 ló wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo wá "Deny" títí, kò sí. CBS, ilé iṣẹ́ tó ta á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wà lára páálí, àmọ́ Epic, èyí tó ta á ní Amẹ́ríkà, ló wà lára bébà róbótó àárín àwo. Mo ti fura pé ti Amẹ́ríkà, ti 1979, ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú àdàlù yìí máa ń ti ilé iṣẹ́ wá, àbí ẹnì kan ló kì í bọ páálí tí kì í ṣe tiẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń ka àwọn lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n fín sítòsí bébà yẹn? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó padà lọ bá bàbá yẹn ní Sátidé.